Lister Oldroyd Kò Kúrò Lápá Òsì

Ní ìlú wa Hagthorpe, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ìdí tí Lister Oldroyd kì í fi í ṣeré lápá ọ̀tún pápá, èsì mọ́kànlá ni wàá gbọ́. Alápatà tó wà ní ìkòríta ní ẹ̀jẹ́ ni Lister jẹ́ fún ìyá rẹ̀ kí ìyá náà tó kú. Àwọn obìnrin ilé ìhunṣọ ní kì í ṣe ẹ̀jẹ́, pé ọmọge kan ló máa ń jókòó lápá òsì, òun ni Lister ń sáré lọ wò. Enid, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ èyí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá jẹ́ ọmọge ni, a jẹ́ pé irun ọmọge ọ̀hún á ti funfun báyìí. Àwọn àgbà inú ilé ọtí ní tiwọn ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ló gùn ju tòsì lọ, pé tí wọ́n bá gbé e sápá kejì, ṣe ni yóò máa pòòyì lójú kan.

Èmi Hedley Sugden ló yẹ kó mọ̀ jù, èmi náà ò sì mọ̀. Nínú rọ́gíbì tiwa, ti àwọn mẹ́tàlá-mẹ́tàlá tí wọ́n ń ṣe láwọn ìlú èédú àti ìlú òwú, ọwọ́ la fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ẹ̀yìn nìkan la sì lè jù ú sí. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ títí á fi kan ẹni tó wà létí ìlà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù. Bí onítọ̀hún bá gbé e kọjá ìlà ìparí tó sì fi kan ilẹ̀, ìlú á hó. Lister lẹni etí ìlà wa lápá òsì. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọ̀nà inú pápá, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gba ọwọ́ mi kọjá. Iṣẹ́ mi ni kí n gbá ẹni tó dí i lọ́nà mọ́ra, kí n ju bọ́ọ̀lù fún Lister, kí n sì dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò tilẹ̀ rí ohun tó fi bọ́ọ̀lù ṣe. Ariwo àwọn èèyàn ni mo fi ń mọ̀.

Lister kì í ṣe ẹni gìrìwò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹyẹ etí odò, àpá búlúù kan sì wà níwájú orí rẹ̀ níbi tí èédú ti wọ ojú ọgbẹ́ lọ, nítorí inú kòtò èédú ni gbogbo wa ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, rọ́gíbì ọjọ́ Sátidé la fi ń gbàgbé kòtò. Ṣùgbọ́n tó bá ti gba bọ́ọ̀lù, tó ti fi ara ti ìlà funfun yẹn, á dà bíi pé ẹnì kan na okùn síbẹ̀ fún un. Ẹfun ìlà a máa kun bàtà rẹ̀ òsì. Àwọn ọ̀tá á sáré bọ̀ láti ọ̀tún, yóò rí wọn láti òkèèrè, yóò dúró díẹ̀, yóò tún já, wọ́n á gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Mo rí àwọn nǹkan mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n rírí yàtọ̀ sí mímọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òsì ló máa ń jókòó sí. Ní ilé ọtí, á wá ìjókòó tí ògiri wà lápá òsì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú, á dúró títí onítọ̀hún á fi mu ọtí tán. Mo rò pé àṣà ni. Èèyàn a máa ní àṣà.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n ń kó ikọ̀ Bìrìtéènì jọ láti lọ bá àwọn ará Ọsirélíà ṣeré ní ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí Lister ti já gbogbo ikọ̀ Lancashire, agbègbè tó bá tiwa pààlà, sílẹ̀, ọkùnrin kan tó dé fìlà wọlé wá bá wa nínú yàrá ìwẹ̀. Balùwẹ̀ ńlá kan ṣoṣo la ní nígbà náà, gbogbo wa la ń jókòó sínú omi kan náà, omi ọ̀hún a sì máa dà bí ọbẹ̀ ẹran màlúù. Ọkùnrin náà dúró létí rẹ̀, èéfín omi gbígbóná ń mú fìlà rẹ̀ rọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Oldroyd," ó ní, "a ti ní ẹni apá òsì. Apá ọ̀tún la fẹ́ kí o wá gbà fún wa."

Lister rì sínú omi, ó tún yọ jáde. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Mi ò ní lè lọ."

"O ò tíì gbọ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ṣí."

"Ọjọ́ yòówù kó ṣí, sà, á ṣí láìsí èmi nínú ẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó fi oúnjẹ lọ ẹni tí ebi ń pa tí onítọ̀hún ní òun yó. Ó fi fìlà rẹ̀ kí wa, ó jáde. Ẹnì kan nínú àwọn alára gbàgàdà tó ń gba iwájú fún wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Lister, ṣé omi òkun lò ń sá fún ni? Ìwọ tó o ti wà nínú ìdọ̀tí ara wa láti àárọ̀, tó ò kú?"

"Ọtí inú ọkọ̀ ni kì í ṣe ọtí gidi," Lister fèsì, ó sì ń fọ irun rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan. Ẹni tó dùn jù ni Irvin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Irvin ló ń gbé garawa àti kànrìnkàn fún ẹgbẹ́ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú tí kò dìde, Irvin ló máa sáré wọ pápá, tí á fi omi tútù bò ó lójú, tí á sì sọ fún un pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ara rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ náà tóbi, ìfẹ́ tó ní sí àbúrò rẹ̀ sì tóbi débi pé ó máa ń ti èèyàn lójú. Kí ọkùnrin onífìlà yẹn tó jáde kúrò ní ìlú, Irvin ti sọ fún gbogbo ilé ọtí pé Lister ń lọ sí Ọsirélíà.

Mo wà nílé Lister lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Enid ló pè mí wá jẹun. Irvin náà wà níbẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan ẹran.

"Ìran Oldroyd ti ń walẹ̀ èédú látọjọ́ aláyé ti dáyé," ó ní. "Kò sẹ́ni tó pè wá síbì kankan rí. Ìwọ ni wọ́n wá pè yìí, o wá ní o ò lọ. Ṣé o lè sọ ìdí ẹ̀ fún èmi ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jẹun."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

"Bóyá."

"Irọ́ lò ń pa. Mo mọ ojú ẹ tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́."

Lister ń gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́. Enid tẹjú mọ́ àwo. Ìgbà yẹn ni mo wo obìnrin náà, mo sì rí i pé ó mọ̀. Ohun kan wà tó mọ̀ tí ọkọ rẹ̀ mọ̀, tí àwa yòókù tó wà nídìí tábìlì kò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára mi bí èèrà. Mi ò bínú bíi ti Irvin. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Inú kòtò, mò ń rò ó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń rò ó. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹgbẹ́ wa ń lọ dáadáa nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ lọ́dún náà. A na ẹgbẹ́ yìí, a na tọ̀hún, títí a fi bá ara wa ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ibi tí Hagthorpe kò dé rí láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti wà lọ́mọdé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni egungun èjìká ẹni etí ìlà wa lápá ọ̀tún kán. Ẹni tó kù láti fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, apá òsì nìkan ló mọ̀. Ọ̀gá Naylor, tó ń kọ́ wa, pe Lister sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní pápá ìdánrawò, ṣùgbọ́n ohùn Naylor kì í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ lágbà. Ìwọ lo máa bọ́ sí ọ̀tún, kí ọmọ yẹn gba òsì."

"Ọ̀gá, ẹ fi mí síbi tí mo wà, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò bẹ̀ ẹ́, mò ń sọ fún ẹ ni. Bó ò bá ṣeré lápá ọ̀tún, o ò ní ṣeré. Màá fi ẹ́ sílé pẹ̀lú àwọn obìnrin, kí o máa gbọ́ ọ nínú rédíò."

Lister mú ẹ̀wù rẹ̀, ó ń lọ sílé. Mo sáré tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà etí odò la gbà, níbi tí àwọn ọkọ̀ èédú ti máa ń kọjá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lójú omi. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ pé apá òsì rẹ̀ ni mo bọ́ sí, n kò mọ̀, nítorí ó máa ń fọgbọ́n yí èèyàn sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n inú ń bí i lọ́jọ́ náà, kò sì ráyè fọgbọ́n. Mo yọ súìtì kan nínú àpò, mo nà án sí i. Kò gbà á. Mo rò pé ìbínú ni, mo sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè gbà á tó bá rọ̀. A rìn, a rìn, a kọjá lábẹ́ afárá, ọwọ́ mi ṣì wà nínà pẹ̀lú súìtì bíi ti alágbe. Kò wò ó. Kò yẹ̀ fún un. Kò ṣe bí ẹni tó ń bínú sí súìtì. Ṣe ló dà bíi pé kò sí súìtì láyé.

Mo gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Mo fà sẹ́yìn, mo bọ́ sápá ọ̀tún rẹ̀, mo tún gbé ọwọ́ náà sókè. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú kí ọwọ́ ọ̀hún tó dé àyà rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ẹ́, Hedley?"

"Ojú ẹ òsì," ni mo wí.

Ó dúró. "Enid ló sọ fún ẹ?"

"Súìtì ló sọ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dà bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gba súìtì lọ́wọ́ mi, ó jù ú sẹ́nu, ó jókòó sórí òkúta tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ mọ́. Èmi náà jókòó, lápá ọ̀tún.

Ó ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, òun àti Irvin lọ ṣeré níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Irvin sọ òkò sí agolo kan. Òkò náà ba òkúta pẹlẹbẹ, òkúta náà fọ́, àfọ́kù kékeré kan fò wọ ojú òun òsì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde, ojú sì wà bó ṣe wà, bí ojú gidi. Ṣùgbọ́n dókítà ojú ní Leeds sọ fún ìyá wọn pé iná inú rẹ̀ ti kú.

"Ọdún yẹn gan-an ni òkúta wó pa bàbá wa nínú kòtò," Lister ní. "Irvin ò jẹ, kò mu. Ó ń sọ lójú oorun pé òun ló pa gbogbo wa. Ìyá wa wá sọ fún un pé ojú mi ti san. Ó wá pè mí sẹ́yìnkùlé, ó ní, 'Lister, bí ẹ̀gbọ́n ẹ bá mọ̀, a máa sin òun náà.' Mo ní mo ti gbọ́. Látọjọ́ yẹn ni ojú mi ti san."

"Àti títí dòní?"

"Títí dòní."

Mo ní ìbéèrè tó pọ̀ ju ẹnu mi lọ. Mo bi í bó ṣe ń gba bọ́ọ̀lù.

"Ọwọ́ ọ̀tún mi lo ti ń jù ú wá, àbí? Láti ìgbà tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ ni mo ti ń rí i. Ọ̀tá náà, ọ̀tún ló ti ń bọ̀. Lápá òsì mi, ìlà ló wà níbẹ̀. Ìlà kì í gbá èèyàn lulẹ̀."

"Inú kòtò ńkọ́?"

"Inú kòtò? Ta ló ń ríran níbẹ̀?"

Mo ronú sí i, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Nígbà ogun, ìjọba ò mú àwọn tó ń walẹ̀ èédú ṣe sójà, nítorí náà kò sí dókítà ológun tó yẹ ojú rẹ̀ wò rí. Ṣùgbọ́n dókítà ikọ̀ Bìrìtéènì yóò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ọkọ̀. Wọ́n á dá a padà, ìwé ìròyìn á gbé e, Irvin á sì gbọ́.

"Nítorí náà, Irvin lo torí ẹ̀ kọ Ọsirélíà sílẹ̀," ni mo wí.

"Nítorí Irvin, àti nítorí pé wọn ì bá má tilẹ̀ jẹ́ kí n ṣeré mọ́ níbì kankan. Má sọ mí di ẹni mímọ́, Hedley. Mo fẹ́ràn eré yìí."

A jókòó títí omi fi dúdú. Èmi ni mo dá ìmọ̀ràn. Mo ní kó gbà fún Naylor, ṣùgbọ́n kó ní àfi kí èmi náà tẹ̀ lé òun bọ́ sí ọ̀tún. Bí mo bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, màá ké sí i. Màá jù ú kó bà á láyà, kó má baà wá a kiri. Lọ́jọ́ kejì, Naylor gbà fún wa; lẹ́yìn iṣẹ́, a lọ sí pápá àwọn ẹṣin tó wà lẹ́yìn kòtò, a sì gbìyànjú ẹ̀. "Họ́!" ni mo ń ké, màá sì jù ú. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń bà á létí, ó ń bà á nímú, ẹṣin ń wò wá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ń gbà á. Etí ló fi ń ríran. Inú mi dùn débi pé mo rò pé èmi ni mo dá rọ́gíbì sílẹ̀.

Ohun tí a ò rò ni ariwo. Pápá ẹṣin dákẹ́. Pápá ìlú ńlá tí a lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn kún bámúbámú, gbogbo Hagthorpe ló ti ilé wọn pa, àwọn ọ̀tá sì pọ̀ jù wá lọ. Nígbà tí a bọ́ sórí koríko, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Mo ké "Họ́" títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo jù fún Lister, ó kọjá lórí èjìká rẹ̀ bọ́ síta. Èkejì bà á lórí. Àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹni etí ìlà tiwọn ti mọ̀ pé ohun kan wà, kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba inú pápá wá, ó ń gbá Lister láti òsì bí ẹni gbá ilẹ̀kùn ṣíṣí. Nígbà kan, ó gbé e sọlẹ̀ débi pé kò dìde. Irvin sáré wọlé pẹ̀lú garawa rẹ̀.

"Àbí o ò rí i ni?" Irvin bi í. "Gbọ̀ngbọ̀nràn ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ. O ò rí i?"

"Oòrùn ni, Bọ̀dá."

Irvin wo òkè. Òjò ló ń ṣú.

Nígbà tí a wọ yàrá ní ìdajì eré, Naylor ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú, Lister sì dìde. Ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Naylor, kò wo ibi tí Irvin wà.

"Ọ̀gá, ojú mi òsì kò ríran. Kò ríran láti kékeré. Ẹ dá mi padà sí òsì, màá ṣeré fún yín. Tẹ́ ẹ bá fi mí sílẹ̀ síbi tí mo wà yìí, a ti sọ ọ́ nù."

Ẹnu Naylor là sílẹ̀, kò sì padé. Àwọn yòókù ń wo bàtà wọn. Mo wo Irvin. Ó ń fún kànrìnkàn sínú garawa. Omi inú rẹ̀ ti tán, ó ṣì ń fún un.

"Láti kékeré," Irvin ní. Kò pariwo. Èmi ò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Bọ̀dá," Lister wí.

"Láti ibi òkúta."

Irvin gbé garawa rẹ̀, ó jáde, ó lọ dúró létí pápá de ìdajì kejì.

Naylor ò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí èmi lọ gba etí ìlà ọ̀tún, kí ọmọ tuntun yẹn wá gba ipò mi àtijọ́ lápá òsì, kí Lister padà sílé. Bó ṣe wí nìyẹn, "padà sílé". Ó tún ní ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde kúrò nínú yàrá náà, òun á fi ọwọ́ ara òun fún un lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó gbé e jáde ní gbogbo ìgbà tí Lister fi ń ṣeré.

Ìdajì kejì yẹn, ẹ má bi mí léèrè ju bó ti yẹ lọ, nítorí apá kejì pápá ni mo wà, mo kàn rí i láti òkèèrè fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tó ń ṣe. Ọmọ tuntun náà jù ú fún un. Ó fi orí rẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, bí adìẹ tó ń wo àgbàdo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọkùnrin mẹ́ta ló sáré pàdé rẹ̀. Ó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ súnmọ́ ọn tó fi lè gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, ó yà fún un. Ó tẹ ẹnì kejì lórí mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta fò, ó sì ba ilẹ̀. Lister gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní igun pápá, ìdí ọ̀pá àsíá gan-an. Mo dúró, mo ń wò bí ẹni tó sanwó wọlé. Naylor ní kí n sáré padà sí ipò mi.

A pàdánù. Àmì méjì péré ni wọ́n fi jù wá lọ. Bí a bá ti gbé Lister padà ṣáájú, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ìmọ̀ràn mi lórí òkúta etí odò ò wúlò tó bí mo ṣe rò.

Nínú bọ́ọ̀sì, Irvin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dá garawa padà fún ẹgbẹ́. Ó rí Lister lójú títì, ó sọdá. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú rò pé ìdíje tí a pàdánù ló ń bí i nínú. Mo lọ bá a nínú ọgbà rẹ̀, níbi tó ti ń gbin àlùbọ́sà, mo ní kó dárí ji àbúrò rẹ̀, pé nítorí tirẹ̀ ni.

"Nítorí tèmi," ó ní. "Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé mi ò lè gbé ẹrù. Ìyá mi mọ̀. Àbúrò mi, ọmọ kékeré, mọ̀. Ìyàwó tó gbé wọlé mọ̀. Èmi nìkan ni ọmọdé tó wà nínú ilé. Mo bú u nídìí tábìlì pé ojo ni, ó sì ń gé ẹran. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí, Hedley, kéèyàn máa rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Mo bá a gbin àlùbọ́sà díẹ̀.

Nígbà tí eré ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀, mo rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo rí Irvin nínú ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ilé wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó ń rìn. Ó kọlu okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Ó padà, ó tún un rìn. Obìnrin tó ni aṣọ jáde, ó ní, "Irvin, ṣé ehín ló ń dùn ẹ́ ni?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ mìíràn mo rí i ní ilé ọtí, ó di ojú kan, ó ń gbìyànjú láti fi iná sí sìgá ẹlòmíràn. Irùngbọ̀n onítọ̀hún ló fẹ́ sun.

Lọ́jọ́ Sunday kan, a wà nídìí tíì nílé Lister nígbà tí Irvin ti ilẹ̀kùn, tó wọlé láì kan án. Ó fi aṣọ ìnujú so ojú òsì rẹ̀. Enid gbé àga fún un. Kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni.

"Báwo lo ṣe ń bu tíì?" Irvin bi àbúrò rẹ̀.

Lister wò ó. "Mo máa ń fi ẹnu kẹ́tùrù kan etí ife kí n tó dà á."

Irvin gbé kẹ́tùrù. Ó kan etí ife, ó dà á, díẹ̀ wọlé, èyí tó pọ̀ bọ́ sórí tábìlì Enid. Enid mú aṣọ ìnulẹ̀.

"Àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń kà á."

"Àwọn èèyàn tó bá wá lápá ibẹ̀?"

"Mo máa ń gbọ́ wọn. Ẹ̀yin, mo máa ń gbọ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé."

Irvin fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Kí lo wá ń rí níbẹ̀ gan-an? Ṣé dúdú ni?"

"Kì í ṣe dúdú." Lister ronú. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó bi í rí, èmi pàápàá kò rántí láti bi í. "Kí lẹ̀ ń fi ẹ̀yìn orí yín rí, Bọ̀dá?"

Irvin jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn orí rẹ̀ wo ògiri. "Kò sí nǹkan kan," ó ní níkẹyìn. "Kò tiẹ̀ dúdú. Kò kàn sí níbẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," Irvin tún un sọ. Omi jáde lójú tó ṣí sílẹ̀, ó sì jẹ́ kó ṣàn. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó mú bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí àwọn lọ sẹ́yìnkùlé, kí Lister jù ú fún òun láti òsì. Àkọ́kọ́ bà á nímú. "Tún un jù," ó ní. Èmi àti Enid dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wo àwọn méjèèjì, títí òjò fi lé wọn wọlé.

Irvin gba garawa rẹ̀ padà. Lister ṣeré títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀, kò sì sí ẹni tó tíì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún Hagthorpe tó bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní ilé ọtí, àwọn àgbà sì ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́.

Ìgbà tí àwa méjèèjì ti darúgbó, tí a máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú pápá, mo bi í bóyá Ọsirélíà ń dùn ún.

"Kì í ṣe pé ó ń dùn mí. Mo kàn máa ń fẹ́ mọ̀ ni. Àwọn ará ọ̀hún yára, wọ́n ní ilẹ̀ wọn le bí àpáta. Ká ní wọ́n fi mí sápá òsì, ṣé ǹ bá já láàárín wọn?"

Mo ní á já dáadáa.

"Irvin náà ní bẹ́ẹ̀," ó ní. "Enid ní wọn ì bá dá mi lápá. Ìwọ rò ó dáadáa, má fi ti ọ̀rẹ́ ṣe."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.